Bàbá Ò Tíì Dé Láti Oko

Bó bá ti ń di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Màmá á dìde lórí àga, wọ́n á tún gèlè wọn wé, wọ́n á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á wá bi ẹni tó bá sún mọ́ wọn jù nínú wa pé: "Ṣé bàbá yín ò tíì dé láti oko ni?"

Ọkọ wọn ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn bàbá tó bí bàbá wa. A sin Bàbá ní Oǹdó lọ́dún 2009. Aṣọ ẹbí tá a wọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú àpótí. Màmá gan-an ló yan àwọ̀ rẹ̀.

Àwa ọmọ-ọmọ mẹ́ta là ń gbé pẹ̀lú Màmá ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan nínú wa ń ṣe tíṣà, ọ̀kan ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí nínú wa sì ń kọ sọ́fítíwià fún iléeṣẹ́ kan lókè òkun, láti orí tábìlì tá a fi ń jẹun. Àwọn òbí wa wà ní Kánádà. Kì í ṣe ìtàn àìsàn la fẹ́ sọ. Ìbéèrè kan la fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa bá a pàdé nínú ilé tiyín lọ́jọ́ kan: ṣé ó dára kéèyàn purọ́ fún ẹni tí kò lè rántí òótọ́ mọ́?

Nígbà àkọ́kọ́ tí Màmá bèèrè, òótọ́ la sọ. Wọ́n nà wá dáadáa nítorí irọ́ nígbà tá a wà ní kékeré, Màmá alára sì lọ́wọ́ nínú nínà ọ̀hún. A jókòó tì wọ́n, a di ọwọ́ wọn mú, a ní, "Màmá, Bàbá ti kú. Ó ti pẹ́."

Wọ́n wò wá títí. Wọ́n wá ká ọwọ́ lé orí, wọ́n figbe ta. "Ìgbà wo? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?" Wọ́n sunkún bí opó tuntun, torí pé lójú ara wọn, opó tuntun ni wọ́n. Wọn ò jẹun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún lù, Màmá tún gèlè wé, wọ́n tún bèèrè. A tún sọ òótọ́. Wọ́n tún figbe ta. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ọjọ́ kẹrin, bákan náà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin la jókòó sí kíṣìnì, ọ̀kan nínú wa wá sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá kú, àmọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, a ti pa wọ́n fún Màmá lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, tíṣà inú wa ló dáhùn. "Wọn ò tíì dé o, Màmá. Òjò ló dá wọn dúró lóko. Wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ má dúró de àwọn." Màmá mi orí. "Bàbá yín yìí àti oko!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ iyán. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ ká sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe Màmá, torí láì mọ̀ ọ́n, ìbéèrè wa ò ní yéni. Lédè wa, a máa ń sọ pé àgbàlagbà tó ń gbàgbé ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, àmọ́ ó ń ṣì wá lọ́nà. Ó ń jẹ́ ká rò pé ọjọ́ orí lásán ni, pé kò sẹ́ni tó dàgbà tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ni. Dìmẹ́ńṣíà ni àwọn dókítà ń pè é, oríṣiríṣi ló sì wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ Alois Alzheimer pè, dókítà ará Jámánì tó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1906, lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ aláìsàn rẹ̀ kan wò. Auguste Deter lorúkọ obìnrin náà, ẹni ọdún 55 ni nígbà tó kú. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lásán? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ní dìmẹ́ńṣíà lágbàáyé lọ́dún 2021.

Bí Alzheimer bá bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọpọlọ ti ń fi nǹkan tuntun pamọ́ wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Nǹkan àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tiwa á ní dátábéèsì tí kò gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́ ni, tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣí. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ìsìnkú ọdún 2009 ti pa rẹ́. Oko kòkó tí Bàbá ń lọ nígbà tí bàbá wa ṣì kéré ò pa rẹ́. Lọ́kàn Màmá, òwúrọ̀ òní ni wọ́n dágbére fún ọkọ wọn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Ṣùgbọ́n dátábéèsì kì í sunkún. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ àti èyí tó ń múni rẹ́rìn-ín han àwọn tó ní Alzheimer. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbàgbé ohun tí wọ́n wò. Àmọ́ ìbànújẹ́ inú fíìmù náà ò bá a lọ, ó ṣì wà lára wọn. Àwọn tó gbàgbé jù gan-an ni ìbànújẹ́ náà pẹ́ lára wọn jù.

Ìgbà tá a ka ìyẹn ni ọjọ́ mẹ́rin wa yé wa. Òótọ́ tá a sọ fún Màmá ò wọlé. Ọ̀fọ̀ ló wọlé. Màmá sùn pẹ̀lú ẹ̀dùn tí wọn ò mọ orísun rẹ̀ mọ́. Kí wá ni òótọ́ náà ṣe fún wọn?

Àwọn kan á ní ìyẹn kọ́ ló kàn, pé irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, kọ ọ́ lọ́dún 1797 pé bí apànìyàn bá kan ilẹ̀kùn rẹ tó ń bèèrè ọ̀rẹ́ rẹ tó sá pamọ́ sínú ilé, o ò gbọ́dọ̀ purọ́ fún un. Ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dáàbò bò ni pé bí a bá gbà kí irọ́ wọlé nítorí ìdí tó dára, kò ní sí ẹni tó lè gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tá à ń purọ́ fún nítorí ire rẹ̀, a ti sọ ọ́ di ọmọdé. Màmá tó kọ́lé, tó ta kòkó, tó rán ọmọ márùn-ún níléèwé, ṣé àwa ló yẹ ká máa tàn wọ́n bí ẹni ń tan ọmọ ọwọ́?

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? A ní òwe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n àwa tá a ń pa òwe yìí náà la ń sọ pé ọba wàjà, a kì í sọ pé ọba kú. Àwa náà la máa ń pe ọmọ láti Èkó pé, "Máa bọ̀ nílé, ara bàbá rẹ ò yá díẹ̀," nígbà tí wọ́n ti tẹ́ bàbá náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní irọ́ burúkú. A mọ̀ pé ẹni tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dání. Yorùbá ò kàn ń bèèrè bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀. Ó tún ń bèèrè ta ló máa gbọ́ ọ, ìgbà wo, àti láti ẹnu ta ni.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ọmọ tó ń bọ̀ láti Èkó á délé. Bó bá délé, á gbọ́. Irọ́ náà ní òpin. Màmá ò lè délé mọ́. Irọ́ tiwa ò ní òpin. Ibi tí gbogbo òwe àti àṣà ti dá wa dá ìrònú nìyẹn.

Bá a ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni mọ̀lẹ́bí wa kan wá kí Màmá láti ìlú míì. Ó bá wa jẹun, ó gbọ́ ìbéèrè aago márùn-ún, ó gbọ́ bá a ṣe dáhùn. Lọ́jọ́ kejì ló yọ ìwé kan àti yíǹkì ìtẹ̀ka jáde nínú báàgì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, oko kòkó Bàbá lọ́nà Bọ́lọ́rundúró. Ó fẹ́ tà á. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí a ṣe máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, Bàbá ló rán mi. Wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ka síbí, àwọn ń bọ̀ láti oko."

Màmá na àtàǹpàkò wọn láì jiyàn. Ọkọ wọn ló rán an, ṣebí ó ti parí.

Tíṣà inú wa ló já yíǹkì náà gbà. Ariwo sọ. Ọkùnrin náà ò bínú pàápàá, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tẹ́ ò máa ṣe? Ṣebí ẹ̀yin náà ń purọ́ fún wọn lójoojúmọ́?"

A ò rí èsì fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré pé ẹni tó bá ń purọ́ á jalè. Olè ti wọlé wa báyìí, ẹnu wa ló sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó fi wọlé. Ohun tó dùn wá jù ni pé nígbà tá a yẹ ara wa wò, ọwọ́ tiwa náà ò mọ́. Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwià ti sọ fún Màmá láìmọye ìgbà pé, "Bàbá ní kẹ́ ẹ lọ sùn," ní aago mẹ́rin ọ̀sán, torí pé ó ní ìpàdé lórí fídíò tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn Màmá. Irọ́ tíṣà sọ kí Màmá lè jẹun, àti irọ́ ìpàdé, àti irọ́ ilẹ̀, gbólóhùn kan náà ni wọ́n. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀?

Nídìí iṣẹ́ wa, bí ẹ̀rọ kan bá ń ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni ò lè ṣàlàyé, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni ká jẹ́ kó máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀. A ra ìwé ẹsáísáìsì kan, a so bírò mọ́ ọn, a gbé e kọ́ sára ògiri kíṣìnì. Òfin náà rọrùn: ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún Màmá gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, ohun tó sọ, ìdí tó fi sọ ọ́, àti orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sílé lè kà á.

Ìwé yẹn kọ́ wa ju Kant lọ. Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwọn irọ́ kan ò ṣeé kọ sílẹ̀. Ọwọ́ á gbé bírò, ojú á tini. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ pé, "Mo ní Bàbá sọ pé kí wọ́n sùn, torí mo fẹ́ ráyè tẹ fóònù"? Irọ́ ilẹ̀ ò tiẹ̀ lè wọ inú ìwé náà rárá. Irọ́ tó bá jẹ́ ti ìtọ́jú lè dúró níwájú gbogbo ẹbí, àní níwájú Màmá ti ogún ọdún sẹ́yìn tí orí wọn pé. Irọ́ tó bá jẹ́ ti olè nílò òkùnkùn.

Ìkejì, a rí i pé ọ̀pọ̀ irọ́ tá a kọ sílẹ̀ ò pọn dandan. Lọ́jọ́ kan, dípò ká dáhùn ibi tí Bàbá wà, a bi Màmá pé, "Kí ni Bàbá máa ń mú bọ̀ láti oko?" Ojú wọn tàn. Wọ́n ka iṣu, wọ́n ka ìgbín, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ kan tó sálọ mọ́ Bàbá lọ́wọ́ tí gbogbo àdúgbò fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò bèèrè mọ́. A ò purọ́, a ò sì pa Bàbá. Bóyá ìbéèrè wọn látìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi tí Bàbá wà. Bóyá ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ẹni tó máa jókòó tì wọ́n.

Ìkẹta ló dójú tì wá jù. Ìwé náà ò gba gbogbo irọ́ ilé wa. Kò gba èyí tá à ń pa fún àwọn ará ìta. Àwọn aládùúgbò ń bèèrè Màmá, à ń sọ pé ibà ni. Àwọn òbí wa ń pè láti Kánádà, à ń ní, "Màmá wà dáadáa, wọ́n ń kí yín." Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀, torí ẹ mọ orúkọ tí àwọn èèyàn máa ń fún ìyá àgbà tó bá ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a wá Màmá tì. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Oǹdó, wọ́n ní àwọn ń lọ bá Bàbá. Dẹ́rẹ́bà ti ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Obìnrin kan tó ń ta àkàrà ló dá wọn mọ̀, ló fi pè wá. Nígbà tá a dé, ó bi wá ní ìbéèrè kan: "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa? Mo rí wọn tí wọ́n kọjá. Mo kàn kí wọn ni, torí ẹ ní ibà ló ń ṣe wọ́n."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà já sí wa lójú. A ti gbé òótọ́ fún ẹni tí kò lè rù ú, a wá fi pamọ́ fún àwọn tó lè rù ú.

Ẹ jẹ́ ká mú un dé Ìbàdàn, torí ibẹ̀ la ti rí ẹni tó ti mọ èyí tipẹ́. Láti ọdún 1992, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jọ ṣe iṣẹ́ ńlá kan lórí dìmẹ́ńṣíà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀súntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kú lọ́dún 1995, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì ló bá iṣẹ́ náà lọ pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indianapolis. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n lọ ní Ìbàdàn. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001, wọ́n tọ àwọn àgbà 2,459 ní Ìdíkàn lẹ́yìn, àti 2,147 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, gbogbo wọn tó ẹni ọdún 65 ó lé. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, àwọn tí dìmẹ́ńṣíà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìdíkàn, 3.24 ní Indianapolis. Ìròyìn yẹn gbayì káàkiri ayé: àìsàn yìí kéré lọ́dọ̀ tiwa. Àmọ́ ó wà.

Ohun tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀. Wọn kì í gbára lé ẹnu àgbàlagbà nìkan. Wọ́n á bi àgbà náà ní ìbéèrè tiẹ̀, wọ́n á sì tún bi ẹbí tó ń bá a gbé nípa bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹnu méjì ni wọ́n fi ń mọ òótọ́ nípa èèyàn kan. Bí ẹnu kejì bá purọ́, tó ní ibà ni, tó ní ọjọ́ orí ni, tó ní kò sí nǹkan, òótọ́ Màmá ti sọnù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa wá a rí.

Àwa ni ẹnu kejì. Bá a ṣe wá rí ìbéèrè wa nìyẹn. Òótọ́ dà bí ẹrù: kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ orí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti rọ ló máa wà. Bí Màmá ò bá lè ru òótọ́ ayé wọn mọ́, àwa la máa bá wọn rù ú, láì yọ nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún Màmá pé òjò dá Bàbá dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí kì í purọ́ nípa Màmá fún ẹlòmíì.

A ti sọ fún àdúgbò. A lọ láti ilé dé ilé, a ní, "Àìsàn ọpọlọ ni, ẹ bá wa ṣọ́ wọn." Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lórúkọ burúkú lójú wa. A pe Kánádà, a sọ gbogbo ẹ̀. Ẹkún sọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwọn yẹn á rántí rẹ̀ lọ́la, wọ́n á sì lè ṣe nǹkan sí i. A gbé Màmá lọ sọ́sìbítù, torí ìgbàgbé kan wà tó jẹ́ pé oògùn, àìtó fítámì, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló fà á, irú ìyẹn sì ṣeé wò. Tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ a mọ̀ báyìí.

Irọ́ kan ló kù tó ṣòroó kọ síwèé: "Kò rẹ̀ mí." Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú wákàtí tí ayé fi ń tọ́jú àwọn tó ní dìmẹ́ńṣíà, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti obìnrin. Nílé tiwa, ẹni tó ń ta aṣọ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́ta lójoojúmọ́, ẹni tó ń gbowó dọ́là sì rò pé bóun bá ti ra pampers, ìpín tòun ti pé. Ìyẹn náà ti yí padà. Ó ṣẹlẹ̀ torí pé ẹnì kan sọ òótọ́.

Ní ọjọ́ kan tó kọjá láìpẹ́, aago márùn-ún lù, Màmá ò tún gèlè wé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n gbójú sókè, ojú wọn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá yín ti kú, àbí?"

A wo ara wa. Èyí yàtọ̀. Màmá ló na ọwọ́ sí ẹrù wọn fúnra wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ẹ sin wọ́n dáadáa?"

"A sin wọ́n dáadáa. Ẹ̀yin lẹ yan aṣọ."

Wọ́n mi orí. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n bèèrè bóyá iyán ti ṣe tán.